Ẹ̀yin tí ọmọ yín gbé inú gíláàsì rí, ṣé wọ́n jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn án?

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àbúrò mi bímọ ní ọ̀sẹ̀ 30, ọmọ wà nínú gíláàsì, ẹ̀rọ tó ń mú ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé móoru. Wọ́n ní kó máa wò ó lókèèrè. Ṣé bó ṣe rí fún yín nìyẹn?

Àdùnní: Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo tó gbé tèmi sáyà, ara kan ara. Ọjọ́ kẹsàn-án! Mo ti mọ ohùn ẹ̀rọ rẹ̀ kí n tó mọ òórùn orí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì àárọ̀ á ní "Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn án o." Ti alẹ́ á ní "Ẹ bọ́ òrùka, ẹ fọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ẹ máa bọ̀." Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Ti alẹ́ yìí ló ní kí n fi àtẹ́lẹwọ́ kan bò ó lórí, kí n fi ìkejì kó ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ, kí n wá dúró jẹ́ẹ́, kí n má ra á lára, torí ìyẹn máa ń dà wọ́n láàmú. Mo ṣe é. Nọ́ńbà tó ti ń fò sókè sódò lójú ẹ̀rọ rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Omijé mi rin ìbòmú gbingbin.

Bàbá Ìdòwú: Nọ́ọ̀sì àárọ̀ yẹn, ó dà bíi pé a jọ mọ̀ ọ́n ni 😂

Tẹ̀míladé: Ibi gbogbo ló wà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ rọra o, èmi náà ti jẹ́ nọ́ọ̀sì àárọ̀ rí. Ọmọ pọ̀, a ò pọ̀, ẹ̀rù kòkòrò ń bà wá, wọ́n sì kọ́ wa pé àlejò ni ìyá. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n á ṣe pààrọ̀ ìlédìí, tí wọ́n á di túùbù oúnjẹ mú, iṣẹ́ mi fúyẹ́. Ìyá kan ní "ọmọ mi ò rí bó ṣe rí lánàá," ẹ̀rọ ò tíì ké rárá. Òótọ́ ló sọ.

Àdùnní: Mo ti dárí jì yín, mà. Díẹ̀.

Iyèméjì: Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ọmọ sáyà, àyà èèyàn á wá ju ẹ̀rọ olówó ńlá lọ? Ẹ má bínú, mi ò gbà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Àìtó ẹ̀rọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ gbígbé ọmọ sáyà ní Bogotá, ní Kòlóńbíà, ní ìparí àwọn ọdún 1970. Ìwádìí orílẹ̀-èdè 5 kan jáde ní 2021, lórí àwọn ọmọ tí kò tó kílò 1.8: nínú 100 tí wọ́n tètè gbé sáyà, bíi 12 ló kú láàárín ọjọ́ 28. Nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi sínú ẹ̀rọ, ó tó 16. Ọmọ tí kò lè dá mí ṣì nílò ẹ̀rọ o.

Iyèméjì: Ó dáa, mo gbọ́. Bàbá ńkọ́? Pẹ̀lú irun àyà?

Bàbá Ìdòwú: Ìyá rẹ̀ ò tíì lè dìde lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, èmi ni mo gbé e. Ó di irun àyà mi mú, mẹ́rin já. Mo kà á.

Wùràọlá: Wọ́n lé ọkọ tèmi jáde torí lọ́fíńdà!

Tẹ̀míladé: Wọ́n gbìyànjú. Ta ló ń fín lọ́fíńdà lọ síbẹ̀?

Wùràọlá: Ọkọ mi kọ́ lo ń bá wí bẹ́ẹ̀ yẹn o.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, àbúrò mi. Kí ni kó sọ lọ́la?

Àdùnní: Kó má bèèrè bóyá òun lè fọwọ́ kàn án. Kó ní "aago mélòó lẹ máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbé e?"

Tẹ̀míladé: Kó má fín lọ́fíńdà.

Wùràọlá: O tún ti dé.