Ọmọ mi kì í jókòó, inú rẹ̀ tún ń ṣàdédé bàjẹ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí. Sùúrùlérè la wà. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 9. Láti bí ọmọ ọdún 5 ni ara rẹ̀ kì í ti í balẹ̀: yóò gbàgbé báàgì sí sùkúù, iṣẹ́ àmúrelé kì í parí, ẹjọ́ kan náà ni tíṣà ń rò. Ìyẹn ti mọ́ mi lára.

Ti oṣù méjì yìí ló ń bà mí lẹ́rù. Ó lè kanra fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, á máa sunkún, bọ́ọ̀lù kò wù ú mọ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò ní sùn ju wákàtí 3 lọ, síbẹ̀ kò ní rẹ̀ ẹ́. (Ìyá ọkọ mi ní àdúrà ló kù. A ti gbà á.)

Dókítà kan ní àìlèfọkànsí-nǹkan máa ń hàn kí ọmọ tó pé ọdún 12, nílé àti ní sùkúù, lójoojúmọ́. Àìsàn tó ń da ìmọ̀lára rú máa ń dé, á tún lọ. Ó ní ọmọ kan lè ní méjèèjì!

Ta ló ti gbé ọmọ lọ sí ẹ̀ka ọmọdé ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá, èyí tó wà ní Òṣòdì? Kí ni wọ́n bi yín? Mo ti ń kọ bó ṣe ń sùn sínú ìwé. Ṣé kí n mú un dání?