Kí ni afòpiná fẹ́ fi sẹ́ẹ̀lì méjì ṣe lọ́wọ́ àdán?

Àrẹ̀mú: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kà á pé sẹ́ẹ̀lì méjì péré ló ń gbọ́ràn nínú etí ọ̀pọ̀ afòpiná. Àdán sì ń fi ohùn ṣọdẹ nínú òkùnkùn biribiri. Báwo ni wọ́n ṣe ń bọ́?

Akin_Kòkòrò: Afòpiná ò nílò kí ó mọ irú àdán tó ń bọ̀. Ibi tó ti ń bọ̀ àti bó ṣe súnmọ́ tó ló kàn án. Sẹ́ẹ̀lì kìíní máa ń gbọ́ ohùn tí kò lágbára, nígbà tí àdán ṣì wà ní nǹkan bíi mítà 30. Igbe tirẹ̀ tó bá kọlu ara kòkòrò tó sì padà, ìyẹn gbohùngbohùn, ni àdán fi ń mọ ibi tí kòkòrò wà, àmọ́ kì í dé etí rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀, nítorí náà afòpiná ló kọ́kọ́ mọ̀. Etí tó bá gbọ́ ọ jù ló ń sọ ẹ̀gbẹ́ tí ewu wà, afòpiná á sì yà sí òdìkejì. Ariwo ńlá nìkan ni sẹ́ẹ̀lì kejì ń dáhùn sí. Bí ariwo bá ti tó bẹ́ẹ̀, àdán ti dé ọrùn: afòpiná á pa ìyẹ́ dé, á já lulẹ̀ wìì, tàbí kó máa fò wúruwùru.

Ìyá Tóyìn: Ẹ fi ti àdán kún un, Bọ̀dá Akin. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kòkòrò bá wà ní mítà 1.7, gbohùngbohùn á padà láàárín ìdá kan nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá. Bí àdán bá ń yára ké láti òkèèrè, igbe tuntun á dàpọ̀ mọ́ gbohùngbohùn ti àtijọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń ké díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, tó wá ń ké ju ìgbà 100 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan bó bá kù díẹ̀ kó mú un. Àwọn àdán tó ń so rọ̀ lórí igi ní ọgbà Yunifásítì Ifẹ̀ kọ́ là ń sọ o! Èso ni tiwọn. Ojú àti imú ni wọ́n fi ń wá a.

Àrẹ̀mú: Ẹ ṣé gan-an. Bí etí kan bá wá bàjẹ́ ńkọ́?

Akin_Kòkòrò: Á ṣì gbọ́, àmọ́ kò ní mọ ẹ̀gbẹ́ dáadáa mọ́. Kòkòrò bíńtín kan tó jọ eégbọn máa ń ya awọ etí afòpiná, á yé ẹyin síbẹ̀. Àwọn tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ á wọ etí kan náà, wọn kì í fọwọ́ kan èkejì. Bí afòpiná bá di adití pátápátá, tòun tàwọn ni àdán máa jẹ.