Ìlà tí wọ́n yàn nínú tébù, báwo lẹ ṣe ń gbé e lọ sí péèjì kejì? Owó ẹnì kan ti wọ orí ẹlòmíì

akẹ́kọ̀ọ́_php

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà. Mò ń ṣe wẹ́ẹ̀bù kan fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí màmá mi wà nínú ẹ̀ n'Ìbàdàn, PHP (èdè kóòdù) àti MySQL (dátábéèsì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀) ni mo fi ń ṣe é. Péèjì àkọ́kọ́ ní tébù kan, orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, nọ́ńbà fóònù, iye tó ti dá, iye tó yá, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní bọ́tìnnì "Wò ó". Tí akọ̀wé bá tẹ̀ ẹ́, mo fẹ́ kí péèjì kejì ṣí kó gbé gbogbo ohun tó wà lórí ìlà yẹn jáde, kí wọ́n lè kọ owó tẹ́ni náà mú wá síbẹ̀.

Níbẹ̀rẹ̀, inú líǹkì ni mo kó gbogbo ẹ̀ sí, orúkọ, fóònù, owó. Ó ń ṣiṣẹ́ títí a fi kan ẹnì kan tó fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ forúkọ sílẹ̀, "Adùkẹ́ & Sons", "Adùkẹ́" nìkan ló dé péèjì kejì, ìyókù pòórá. Mo wá gbé e kúrò níbẹ̀, mo fi ìlà tí wọ́n bá yàn sínú `$_SESSION['omo']`, ìyẹn session, ibi tí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń gbé wẹ́ẹ̀bù jáde) ń tọ́jú nǹkan sí fún ẹni tó ń lo wẹ́ẹ̀bù, péèjì kejì á lọ kà á níbẹ̀. Ìyẹn dáa lójú mi, àfi Sátidé tó kọjá tí wọ́n ń gba owó, akọ̀wé ṣí ti ìyá alátà kan sí táàbù kan, bí wọ́n ṣe ń ka owó lọ́wọ́ ni bàbá kan dé pé kí wọ́n bá òun wo gbèsè òun, ó ṣí ti bàbá sí táàbù kejì, ó wò ó tán ó padà sí táàbù àkọ́kọ́, orúkọ ìyá alátà ló wà lójú ẹ̀ kedere, ó kọ 15,000 náírà ó tẹ "Fi pamọ́", orí bàbá yẹn lowó lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ ìwé tí wọ́n ṣì ń kọ sí, ìbá dìjà. Owó tí wọ́n fi òógùn kó jọ ni o, ọkàn mi ò balẹ̀ látọjọ́ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

ọmọ_javascript

Pẹ̀lẹ́ o ọ̀rẹ́. Lo sessionStorage, ibi tí bráúsà fúnra ẹ̀ ń tọ́jú nǹkan sí, òun kì í da táàbù pọ̀, táàbù kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, tí wọ́n bá sì ti pa táàbù dé á pòórá fúnra ẹ̀. Tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì, fi JSON.stringify sọ ìlà yẹn di ọ̀rọ̀ kó o tó fi pamọ́, tí péèjì kejì bá ṣí kó o fi JSON.parse tú u. Má gbàgbé stringify yẹn o, torí ọ̀rọ̀ lásán ló ń gbà, tó o bá ju object (àkójọ nǹkan bí ìlà yẹn) sí i bẹ́ẹ̀, `[object Object]` lo máa bá níbẹ̀, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ ti lọ nìyẹn.

ẹ̀gbọ́n_dátábéèsì

Òótọ́ lọmọ JavaScript sọ nípa táàbù, àmọ́ àbúrò, má gbà á fún iṣẹ́ owó. Wò ó báyìí, ká ní akọ̀wé méjì ló ń gba owó lórí kọ̀ǹpútà méjì, ìkíní ṣí tébù láàárọ̀, ìkejì ti kọ owó tuntun sórí ẹni kan náà lọ́sàn-án, ohun tó wà nínú sessionStorage ti ìkíní ti di ti àárọ̀. Ohun tó o gbé láti péèjì kan sí èkejì ti lè yàtọ̀ sóhun tó wà nínú dátábéèsì kó tó débẹ̀.

Tó o bá lọ sí ọsibítù, nọ́ńbà káàdì ẹ lo máa ń mú lọ, o kì í ru fáìlì láti ilé, àwọn ló máa lọ fa fáìlì yọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kó o ṣe é. Id nìkan, nọ́ńbà tí dátábéèsì fi dá ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ̀, ni kó o gbé:

`<a href="omo.php?id=17">Wò ó</a>`

Ní péèjì kejì kó o wá bi dátábéèsì:

`$q = $pdo->prepare('SELECT * FROM omo_egbe WHERE id = ?');`
`$q->execute([$_GET['id']]);`

Wàhálà "&" yẹn ti tán nìyẹn torí orúkọ ò sí nínú líǹkì mọ́. Nínú líǹkì, àmì yẹn ló ń pín nǹkan kan sí méjì, ìdí nìyẹn tí "Sons" fi ṣubú. Tó bá di dandan kó o fi ọ̀rọ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, `urlencode` ni kó o fi dì í.

Ti Sátidé, kúkì kan ṣoṣo (àmì kékeré tí sáfà fún bráúsà pa mọ́) ni bráúsà fi ń dá session mọ̀, PHPSESSID, gbogbo táàbù ló sì jọ ń lò ó. Nígbà tí akọ̀wé ṣí ti bàbá, `$_SESSION['omo']` ti di ti bàbá, ohun tó wà lójú táàbù àkọ́kọ́ wulẹ̀ jẹ́ ohun tí sáfà ti kọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Nítorí náà inú fọ́ọ̀mù ni kí id wà láìhàn lójú, `<input type="hidden" name="id" value="17">`, kí owó àti ẹni tó ni ín jọ máa rìn. Àti pé tó o bá ń fi owó pamọ́, má kọ àròpọ̀ tuntun lé ti tẹ́lẹ̀, `SET owo = owo + ?` ni kó o lò, kí owó tí akọ̀wé kejì gbà má bàa parẹ́.

àǹtí_sáfà

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ dáadáa, mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un torí mo ti rí i níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí. Ṣé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà máa ń wọlé wo tiwọn? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni lè pa 17 rẹ́ kó kọ 18, á sì máa wo gbèsè ẹlòmíì. Fífi id pamọ́ sínú hidden ò ràn án o, wọ́n lè ṣí kóòdù péèjì yẹn kí wọ́n yí i padà. Sáfà ló gbọ́dọ̀ bèèrè: ta ló wọlé, ṣé òun ló ni id yìí, àbí akọ̀wé ni? Tí kì í bá ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì, dá a padà. Session tó o ti fẹ́ jù nù yẹn, iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn, òun ni kó o fi mọ ẹni tó wọlé.

Tó o bá ní bọ́tìnnì "Yọ kúrò" nínú tébù yẹn náà, má fi líǹkì ṣe é láéláé, fi POST ṣe é, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnnì ẹ̀ kó tó lọ, tí kì í kó nǹkan sínú líǹkì. Mo rí ibi tí ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ lé líǹkì kiri ti wọ tébù kan, gbogbo líǹkì tó bá pàdé ló ń ṣí, ó pa ìlà rẹ́ lọ rẹpẹtẹ.

akẹ́kọ̀ọ́_php

Ẹ ṣé gan-an ni ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé àǹtí, ìwọ náà o ṣé ọmọ JavaScript. Mo ti yí i padà lálẹ́ àná. Mo ṣí ti ìyá alátà àti ti bàbá yẹn sí táàbù méjì bíi ti Sátidé, mo kọ 100 náírà sí ti àkọ́kọ́, orí ìyá ló lọ. Ọ̀kan ló kù: tí akọ̀wé bá wá orúkọ, tó dé péèjì kẹrin nínú tébù, tó wo ẹnì kan tó sì tẹ "Padà", ìbẹ̀rẹ̀ ló ń gbé e lọ, á tún máa wá a lákọ̀tun.

ẹ̀gbọ́n_dátábéèsì

Ìyẹn ni kó o fi sínú líǹkì fàlàlà, kì í ṣe àṣírí ẹnikẹ́ni. Kí fọ́ọ̀mù ìwákiri ẹ jẹ́ GET, irú tó ń kó ohun tí wọ́n kọ sínú líǹkì, líǹkì tébù á di `tebu.php?wa=ade&p=4`, wa ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń wá, p ni nọ́ńbà péèjì. Tó o bá ń ṣe líǹkì "Wò ó", fi wa àti p kún id, `http_build_query` á bá ẹ dì wọ́n, kí "Padà" wá lò wọ́n.