Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba abẹ́rẹ́ nerve block fún ìrora ìsàlẹ̀ ikùn àti ojú ara, ẹ wá sọ bó ṣe rí

Ìyá Ìbejì, Kabba

Òkun o ẹ̀yin èèyàn mi. Wọ́n gún un fún mi, abẹ́rẹ́ tó ń pa nerve lẹ́nu mọ́, ìyẹn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ inú ara tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ, mo sì fẹ́ sọ ọ́ délẹ̀ torí mo mọ̀ pé obìnrin pọ̀ lágbègbè wa yìí tó ń bá a yí tójú ń tì wọ́n láti sọ. Àtìgbà tí mo ti bí àwọn ìbejì, ìrọbí yẹn pẹ́ gan-an, ni nǹkan ti ń jó mi bí ẹni fi ata sí i, láti ojú ara títí dé ihò ìdí, apá ọ̀tún ló le jù. Tí n bá dìde á rọlẹ̀, tí n bá jókòó á tún gbóná, iṣẹ́ aránṣọ sì ni mò ń ṣe, ẹ wo ìyẹn ná. Ìdí kan ni mo fi ń jókòó ti máṣíìnì. Orí ìjókòó tọ́ílẹ̀ẹ̀tì nìkan ló máa ń fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ tí kò sọ pé jẹdíjẹdí ni, mo mu àgbo títí, ilé ìwòsàn kan ní tọ́ílẹ̀ẹ̀tì ìnfẹ́kṣọ̀n ni, oògùn lórí oògùn, àyẹ̀wò ò sì rí kòkòrò kankan, nọ́ọ̀sì kan wá ní kí n lọ máa gbàdúrà, pé kò sí nǹkan tó ń ṣe mí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra.

Dókítà tó wá gbà mí, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ibo gan-an. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó tẹ ibì kan lára egungun nínú lọ́hùn-ún, mo lọgun. Ó ní nerve kan wà tó ń jẹ́ pudendal, ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn ló ti ń jáde, á gba ẹ̀gbẹ́ egungun yẹn, òun ló ń jẹ́ kéèyàn mọ nǹkan lára lójú ara àti níhò ìdí, tọkùnrin tobìnrin ló ní in, ìrọbí tó pẹ́ sì lè nà án kọjá agbára ẹ̀. Ó ní ìrora níbẹ̀ tó bá ti lé ní oṣù 6, ó ti di bárakú. Ó kọ̀wé fún mi lọ sí Ìbàdàn, sọ́dọ̀ àwọn dókítà tó ń kun èèyàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ, àwọn náà ló ń rí sí ìrora báyìí.

Wọ́n ní kí n dojú bolẹ̀, wọ́n fi nǹkan tútù kan pa ìdí mi, wọ́n wá ń fi sìkáànù wo ibi tí abẹ́rẹ́ ń lọ. Ó ta mí, mi ò ní parọ́. Oògùn méjì ló wà nínú ẹ̀, ọ̀kan tó ń mú ibẹ̀ kú, irú èyí tí wọ́n ń lò tí wọ́n bá fẹ́ yọ eyín, ìkejì steroid tó ń mú ìwúlé rọlẹ̀. Dókítà ní kí n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì onípákó níta. Mo jókòó. Ìdí méjèèjì. Mo ń retí kó bẹ̀rẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀, omi bá ń dà lójú mi, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rò pé èèyàn mi ló kú, ó ń pẹ̀lẹ́ mi.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa rèé. Lóru ọjọ́ yẹn ìrora náà padà, gbogbo ẹ̀. Ọkọ mi ní wọ́n ti jẹ owó wa gbé. Àmọ́ wọ́n ti là á yé mi tẹ́lẹ̀ pé èyí tó ń mú ara kú, wákàtí díẹ̀ ni, steroid ní tiẹ̀ lè lo ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó ṣiṣẹ́. Ìtura orí bẹ́ǹṣì yẹn gan-an ló fi yé wọn pé nerve yẹn ló ń dà mí láàmú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí n máa kọ bó ṣe ń ṣe mí sílẹ̀ ní wákàtí dé wákàtí. Ẹ kọ ọ́ o, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orí. Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Wọ́n ti tún un gún láti ìgbà yẹn, mo ń lo amitriptyline lálẹ́, oògùn tó ń dín ìrora nerve kù, físíò, ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, sì ń kọ́ mi bí mo ṣe máa dẹ iṣan ìdí torí mo ti ń sún un kì láìmọ̀. Kò tíì lọ tán. Ṣùgbọ́n mo lè jókòó rán bùbá kan tán láì dìde.

Bàbá Dọlá, Ìsánlú

Ẹ kú ìnira o ìyá wa. Àwa ọkùnrin náà ń ní in. Awakọ̀ ni mí, wọ́n ní prostate ni, ẹṣẹ́ tó wà lábẹ́ àpòòtọ̀ ọkùnrin, wọ́n fi antibiotics rọ mí yó. Tèmi, wọ́n gún abẹ́rẹ́ náà, ibẹ̀ kú lóòótọ́, mi ò mọ nǹkan kan lára mọ́ níbẹ̀, síbẹ̀ ìrora náà ò lọ. Inú bí mi. Dókítà ní owó mi ò ṣòfò, ó ní a ti mọ̀ báyìí pé kì í ṣe nerve yẹn, ó wá àwọn iṣan ìdí wò, ó rí ibi tó dì kókó, ibẹ̀ ló wá gún, mo sì ń rí ìyàtọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àtọ̀gbẹ bíi tèmi, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó gún yín, steroid yẹn gbé ṣúgà mi sókè. Ẹni tó bá sì ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó má fi pamọ́ fún wọn.

Adúkẹ́, Mopa

Èmi endometriosis ni tèmi, nǹkan tó jọ awọ inú ilé ọmọ ló ń hù síta ilé ọmọ, inú ikùn lọ́hùn-ún ló ti ń ro mí. Wọ́n ní ibòmíì ni wọ́n máa gún fún irú tèmi, hypogastric plexus ni wọ́n pè é, àwọn nerve tó ta kókó pọ̀, iwájú ọ̀pá ẹ̀yìn nísàlẹ̀, X-ray ni wọ́n á fi máa wo abẹ́rẹ́. Mi ò tíì ṣe é, ẹ̀rù ń bà mí. Ìyá Ìbejì, báwo lẹ ṣe jókòó láti Kabba dé Ìbàdàn pẹ̀lú ọ̀nà yìí?

Ìyá Ìbejì, Kabba

Adúkẹ́ ọmọ mi, ní kí àwọn tó ń ṣe àga gé fóòmù líle fún ẹ, kí wọ́n lu ihò sáàárín, orí ẹ̀ ni kó o jókòó sí. Sọ fún dẹ́rẹ́bà kẹ́ ẹ tó gbéra pé wàá máa sọ̀ kalẹ̀ nà ẹsẹ̀. Má dá lọ o, ẹsẹ̀ mi kan kú díẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, mi ò lè tẹ̀ ẹ́ dáadáa títí dalẹ́, àbúrò mi ló ń dì mí mú. Tó o bá ti mọ ọjọ́ tí wọ́n dá fún ẹ, kọ ọ́ síbí, tí mo bá ráyè màá bá ẹ lọ.