Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wa di owó mi mú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Màmá Tèmítọ́pẹ́ (Adó)
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Mi ò rí oorun sùn láti ọjọ́ Ajé. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wa ni, mi ò ní í dárúkọ wọn. Láti ìgbà tí mo ti wọṣẹ́ ni wọ́n ti ń yọ owó lára owó oṣù mi. Ó ti di ₦870,000 báyìí, mi ò tíì ka ìpín ìdókòwò mọ́ ọn. Mo ní mo fẹ́ kúrò, kí wọ́n kó owó mi fún mi, torí àkọ́bí mi ti wọ yunifásítì. Akọ̀wé ní kí n máa lọ ná. Nígbà tí mo padà débẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè wò mí, ẹ̀pà ló ń jẹ. Ọmọ tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún jù lọ!

Ẹ ẹ̀ mọ bí ẹgbẹ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn mẹ́sẹ́ńjà, awakọ̀ àti akọ̀wé kéékèèké ló dá a sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbowó oṣù, wọ́n á sọ díẹ̀ sínú àpótí onígi kan, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má baà tún lọ yá owó sogún-dogójì. Wọn ò ní ọ́fíìsì, àmọ́ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bá ń rọbí lóru á rówó gbà kí ilẹ̀ tó mọ́. Lónìí wọ́n ti kọ́lé alájà. Wọ́n ń yáni lówó, wọ́n ń ta fíríìjì àti jẹnẹrétọ̀ láwìn, wọ́n ra ilẹ̀ sọ́nà Ìkẹ́rẹ́, wọ́n ń gé e tà fún ọmọ ẹgbẹ́. Ìrẹsì tí wọ́n sì pín fún wa ní Kérésì tó kọjá, òkúta ló kún inú ẹ̀. Ṣé kí n lọ fẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá ni?

Ọmọ Ìjerò
Ẹ má lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá o, mà. Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé òfin ẹgbẹ́ yín. Nínú tiwa, ẹni tó bá fẹ́ kúrò gbọ́dọ̀ fún ẹgbẹ́ ní oṣù mẹ́ta. Ṣé ẹ kọ̀wé, àbí ẹnu lẹ fi sọ ọ́?

Àǹtí Bísí, Ìkẹ́rẹ́
Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n á yọ owó ẹgbẹ́ lára owó oṣù wa, wọn ò sì ní í fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́. Inú ìwé owó oṣù fi hàn pé wọ́n ti yọ ọ́, pásíbúùkù ṣófo. A bú akápò títí, omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò sì mọwọ́mẹsẹ̀. Ilé tí mò ń kọ́ nígbà yẹn dúró sórí fèrèsé. Ẹ gbé ìwé owó oṣù yín ti pásíbúùkù, kẹ́ ẹ wò ó dáadáa.

Bàbá Tíṣà, Ìkọ̀lé
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká rọra máa bú alájẹṣẹ́kù. Òyìnbó kan tó mọ̀ nípa ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, Strickland, wá wo ilẹ̀ yìí, ó kọ ìròyìn rẹ̀ lọ́dún 1934. Lọ́dún 1935 ìjọba amúnisìn ṣe òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ló kọ́kọ́ fi ṣayọ̀. Lọ́dún 1953 wọ́n ti ní Co-operative Bank tiwọn n'Íbàdàn. Àwa òṣìṣẹ́ náà wá rí i pé a lè ṣe é. Kí ẹgbẹ́ wa tó dé, ọwọ́ olówó èlé la wà. Àwọn òṣómàáló á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà èèyàn nítorí owó aṣọ, ọmọ ẹni á máa wò.

Nígbà tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996, àwa tá à ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́ padà sílé, a sì dá tiwa sílẹ̀ l'Adó. Èèyàn mẹ́wàá péré ni òfin béèrè kí wọ́n tó lè forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ni mo fi kan òrùlé ilé tí mò ń gbé. Màmá Tèmítọ́pẹ́, ṣé o jẹ wọ́n lówó?

Màmá Tèmítọ́pẹ́ (Adó)
Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Mi ò jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀. Èyí tí mo yá gbẹ̀yìn, mo ti san án tán tèlétèlé. Mo kọ̀wé, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i. Àǹtí Bísí, owó tiwa ń wọlé déédéé. Ìwà akọ̀wé yẹn gan-an ló ń dùn mí.

Kúnlé (Kánádà)
Irú ẹgbẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní credit union níbí. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alphonse Desjardins bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní Lévis, ní Quebec, lọ́dún 1900. Ní Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ méje ló dá credit union tó ń jẹ́ Navy Federal sílẹ̀ lọ́dún 1933. Àmọ́ ìjọba Amẹ́ríkà ń dúró fún owó ẹnì kọ̀ọ̀kan dé $250,000 bí ẹgbẹ́ bá dẹnu kọlẹ̀. Ní Nàìjíríà, NDIC, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń dúró fún owó tí èèyàn fi sí báńkì, kò dúró fún owó alájẹṣẹ́kù. Ẹ yáa kó owó yín lọ sí báńkì.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀yẹ́
Bọ̀dá Kúnlé, báńkì wo ló máa yá èmi olùkọ́ ní ìlọ́po méjì owó tí mo fi pa mọ́, tí kò ní í béèrè ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ mi? Oníduró méjì ni ẹgbẹ́ wa béèrè, ó tán. Wọ́n sì tún pín èrè fún mi lópin ọdún.

Kúnlé (Kánádà)
Ẹ má bínú, mà. Mi ò bú ẹgbẹ́ yín. Ẹ̀gbọ́n mi pàdánù gbogbo owó rẹ̀ sínú irú ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́.

Ọmọ Ìjerò
Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ o. Màmá, kí ni wọ́n kọ sínú èsì lẹ́tà yín? Àbí ẹ ṣe oníduró fún ẹnì kan ni?

Màmá Tèmítọ́pẹ́ (Adó)
Wọ́n ní ó di ìgbà tí gbèsè tí mo dúró fún bá tán. Ìyẹn ni mi ò ṣe mẹ́nu bà á, torí gbèsè yẹn kì í ṣe tèmi. Àbúrò mi ni, ọmọ ìyá mi, ibi iṣẹ́ kan náà la jọ wà. Ó yá ₦700,000, ó ti san díẹ̀ níbẹ̀, ó wá ku ₦520,000. Ó ti lọ sókè òkun, kì í gbé fóònù mi mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má dá mi lẹ́bi. Àìsàn ìyá wa ló yá apá kan owó yẹn fún. Ta ló máa lé ọmọ ìyá rẹ̀ padà nírú ọjọ́ yẹn?

Ìyá Ìbejì, Ọ̀yẹ́
Háà! Láti àárọ̀ lẹ ti ń sọ̀rọ̀ ìrẹsì àti ẹ̀pà fún wa! Oníduró kúkú ni yín. Akọ̀wé tẹ́ ẹ̀ ń bú, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Àǹtí Bísí, Ìkẹ́rẹ́
Ìyá Ìbejì, ẹ rọra. Obìnrin yìí ń tọ́jú ìyá aláìsàn. Kí wọ́n mú àbúrò rẹ̀ ni.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀yẹ́
Òkè òkun ni wọ́n á ti lọ mú un? Owó tí wọ́n dì mú yẹn, owó ọmọ ẹgbẹ́ yòókù náà ni.

Bàbá Tíṣà, Ìkọ̀lé
Ó tó báyìí, ẹ̀yin méjèèjì. Màmá Tèmítọ́pẹ́, àbúrò rẹ náà fi owó pa mọ́ kí wọ́n tó yá a. Òfin fún ẹgbẹ́ lágbára lórí owó àti ìpín ẹni tó jẹ gbèsè, ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Èló ló ní níbẹ̀? Ta sì ni oníduró kejì?

Màmá Tèmítọ́pẹ́ (Adó)
Ó ní ₦350,000. Ọ̀rẹ́ mi tó wà ní àkáǹtì ní wọn ò tíì fọwọ́ kàn án. Alága ẹgbẹ́ ni oníduró kejì.

Ọmọ Ìjerò
Alága fúnra rẹ̀? Ṣé wọ́n di owó tiẹ̀ náà mú?

Màmá Tèmítọ́pẹ́ (Adó)
Rárá o. Wọ́n tiẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yá a lówó mọ́tò.

Bàbá Tíṣà, Ìkọ̀lé
Ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Bí wọ́n bá yọ ₦350,000 kúrò nínú ₦520,000, ó ku ₦170,000. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá pín in, ₦85,000 ló kàn ọ́, àfi tí fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ buwọ́ lù bá sọ pé wọ́n lè gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan. Nítorí náà, wá fọ́ọ̀mù yẹn kó o kà á. Kọ̀wé sí ìgbìmọ̀: kí wọ́n fi ìwé gbèsè àbúrò rẹ hàn ọ́, kí wọ́n yọ owó tirẹ̀ kọ́kọ́, kí wọ́n sọ ìdí tí wọn ò fi di tí alága mú. Fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí olùdarí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní ilé iṣẹ́ ìjọba l'Adó níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni òfin fi ìjà àárín ẹgbẹ́ àti ọmọ ẹgbẹ́ sí, kì í ṣe ọwọ́ ọlọ́pàá.

Màmá Tèmítọ́pẹ́ (Adó)
Fọ́ọ̀mù náà wà lórí fóònù mi, mo yà á ní fọ́tò lọ́jọ́ yẹn. Bàbá, ṣé kí n fún alága náà ní ẹ̀dà lẹ́tà?

Bàbá Tíṣà, Ìkọ̀lé
Fún un. Kó buwọ́ lu ẹ̀dà tìrẹ pé ó ti gbà á, kó kọ déètì sí i.