Wọ́n yẹ ojú màmá mi wò, wọ́n ní ká lọ yẹ ọkàn wò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Bẹẹrẹ nílùú Ìbàdàn ni mò ń gbé. Gíláàsì ìkàwé lásán ni màmá mi lọ gbà. Wọ́n kán oògùn sí wọn lójú kí ọmọlójú lè fẹ̀, wọ́n tan iná sí i, ni dókítà bá ní àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yìn ojú ti fún, ẹ̀jẹ̀ sì ti ta sílẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n wọn ìfúnpá wọn: 170/100, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Ó ní ohun tó ń ba iṣan ojú jẹ́ lè máa ba ti ọkàn náà jẹ́, ká tètè lọ rí dókítà ọkàn ní ilé ìwòsàn UCH.

Màmá yarí. Wọ́n ní àyà ò dun àwọn, wọ́n ṣì ń ru ẹlùbọ́ gun òkè Mápó. (Òótọ́ ni, èmi gan-an ò lè bá wọn rìn.)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa rẹ̀: ṣé àìsàn ọkàn ti wọlé nìyẹn, àbí ìkìlọ̀ ni? Ṣé ECG (àyẹ̀wò tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí ìwé) tó, àbí ká ṣe echo (èyí tí wọ́n fi ìró ya àwòrán ọkàn) pẹ̀lú? Tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wálẹ̀, ṣé ojú á padà bọ̀ sípò? Báwo lẹ ṣe rọ àgbàlagbà tí kò gbà pé ara òun ò yá?