Kúbùsù alábùlẹ̀ mi ti parí o

Ẹ kú àdúrótì. Ẹ rántí pé mo béèrè lọ́jọ́sí nípa aṣọ pupa tó ń ṣí, tó fẹ́ ba funfun àti yẹ́lò jẹ́ nínú kúbùsù alábùlẹ̀ tí mo ń rán fún àwọn aláìsàn ní ọsibítù. Ìmọ̀ràn yín ló ṣiṣẹ́. Mo tú gbogbo pupa náà, mo rẹ ẹ́ lọ́tọ̀, mo ń pààrọ̀ omi títí ó fi mọ́ gaara. Ẹ̀ẹ̀mẹfà gbáko! Ìgbà yẹn ni mo tó rán an padà.

Ọṣẹ tí kò ní òórùn ni mo fi fọ odindi rẹ̀ kẹ́yìn, torí òórùn dídùn pàápàá lè mú kí èébì máa gbé aláìsàn. Mo yọ àwọn bọ́tìnnì tí mo fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹni tó wà lórí ìdùbúlẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ohun líle díẹ̀ ti tó láti gún un lára. Mo fọwọ́ pa ẹ̀yìn kúbùsù náà kiri, ibi tí òwú bá ti ta kókó, mo gé e.

Àná ni mo gbé e lọ. Nọ́ọ̀sì tó gbà á tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ń fìka tọ àwọn àwọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní òun ti mọ ìyá àgbà tí òun máa fi bò. Omi bọ́ lójú mi.

Ìbéèrè mi ti parí. Ẹ ṣeun gan-an ni.